Rivers of Babylon: ta ló ni orin náà kí Boney M. tó kọ ọ́?

ỌmọÒwé
Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ bá wa dá sí iyàn kan tó ti fẹ́ dá ẹgbẹ́ akọrin wa rú ní Kábbà níbí. A fẹ́ kọ “Rivers of Babylon” níbi ìkórè ọdún yìí. Alàgbà kan dìde, ó ní kò ṣeé ṣe, pé orin dísíkò ni, orin Boney M. tí àwọn fi ń jó ní pátì nígbà èwe àwọn. Ọ̀gá akọrin wa ní Sáàmù ni láti òkè délẹ̀, pé Boney M. kọ́ ló kọ́kọ́ kọ ọ́ pàápàá. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pé orin àwọn Rasta ni, àwọn ẹlẹ́sìn kan ní Jàmáíkà. Ọ̀rọ̀ wá dàrú pátápátá, torí lójú àwọn àgbà, Rasta burú ju dísíkò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn orin, ẹ gbà wá. Ta ló ni orin yìí?

Àkọ́bí_Ìyàrá
Boney M. ni jàre. Liz Mitchell ló kọ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nílé wa, ìyá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kí lẹ tún ń wá kiri?

BàbáRẹ́kọ́ọ̀dù
Àbúrò, kásẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ ò lè jẹ́rìí. Àwọn tó ń gba orin sínú kásẹ́ẹ̀tì fún wa nígbà náà, orúkọ olórin nìkan ni wọ́n ń fi báírò kọ sí i lára, wọn a sì tún ṣì í kọ nígbà mìíràn. Àwo ni kó o lọ wò. Mo ta àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Kábbà nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, ìyẹn kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Èyí tí Boney M. gbé jáde ní 1978 yẹn, mo tà á títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Mú àwo náà dání, kó o wo bébà róbótó tó wà láàárín rẹ̀. Orúkọ Boney M. wà níbẹ̀ gàdàgbà. Wá wo abẹ́ orúkọ orin fúnra rẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Orúkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Farian, Reyam, Dowe, McNaughton. Ṣé o rí Liz níbẹ̀? Kò sí níbẹ̀.

Farian ni Frank Farian, ará Jámánì tó dá Boney M. sílẹ̀. Reyam ni Hans-Jörg Mayer, ẹni tó da orúkọ ara rẹ̀ dé. Ka “Mayer” láti ẹ̀yìn, wàá rí i. Àwọn méjì tó kù ni kí ẹ tẹ́tí sí. Brent Dowe àti Trevor McNaughton, ọmọ Jàmáíkà ni wọ́n. Àwọn àti Tony Brevett ni wọ́n ń jẹ́ The Melodians ní Kingston. Àwọn ló gbé “Rivers of Babylon” jáde ní 1970. Ọdún 8 gbáko ni kí Boney M. tó dé ìdí ẹ̀.

Àkọ́bí_Ìyàrá
Haà! Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí ìyá mi o 😂

Olùkọ́Orin_Ẹ̀gbẹ̀
Òkun, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bàbáa wa ti lu ìlù náà, ẹ jẹ́ kí n jó o díẹ̀. Orin yìí ni mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣe orin tuntun.

Inú Sáàmù méjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá, kì í ṣe ọ̀kan. Ìdajì àkọ́kọ́ jẹ́ Sáàmù 137, ẹsẹ 1 sí 4: àwọn Júù tí wọ́n kó lẹ́rú jókòó lẹ́bàá odò Bábélì, wọ́n ń sunkún, àwọn tó kó wọn sì ní kí wọ́n kọrin Síónì fún àwọn gbọ́. Ìdajì kejì jẹ́ Sáàmù 19, ẹsẹ 14, níbi tí Dáfídì ti ní kí ọ̀rọ̀ ẹnu òun àti ìṣàrò ọkàn òun jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà. Dowe àti McNaughton ló so méjèèjì pọ̀. Ẹ lọ ṣí Bíbélì yín, wọn ò sún mọ́ ara wọn rárá. Ìyẹn gan-an ni mo kà sí iṣẹ́ ọpọlọ.

Wọ́n tún fọwọ́ kan àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀. Dáfídì sọ pé “ẹnu mi”. Nínú orin, ó di ẹnu wa. Àdúrà ẹnì kan wá di àdúrà gbogbo ìlú. Sáàmù kàn sọ pé àwọn tó kó wa ní ìgbèkùn ni. Orin pè wọ́n ní ẹni burúkú. Níbi tí Sáàmù ti ní “orin Olúwa”, àwọn Melodians kọ ọ́ ní orin King Alpha. Níparí ẹsẹ Sáàmù 19, wọ́n fi “Far-I” sí i. Ẹni tó sọ̀rọ̀ Rasta ní ìpàdé yín ò purọ́ o. King Alpha tí wọ́n ń wí ni Haile Selassie, Ọba Etiópíà tí àwọn Rasta kà sí Ọlọ́run, tí wọ́n dé ládé ní November 1930, tí orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ Ras Tafari. “Far-I” yẹn, inú Tafari ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọba náà fúnra rẹ̀ lọ sí Jàmáíkà ní April 1966, èrò sì ya bo pápákọ̀ òfurufú débi pé kò tètè lè sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni orin yìí jáde.

Ìjọba Jàmáíkà fòfin dè é. Wọ́n ní orin àwọn Rasta ni, pé ó lè ru ìlú sókè. Leslie Kong tó gba orin náà sílẹ̀ fún wọn (ọmọ ṣáínà tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tó ń ta áísìkirimù kó tó di pé ó ń gba orin sínú àwo) ló bá wọn fà á. Ó ní inú Bíbélì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, Sáàmù tí gbogbo Jàmáíkà ń kọ láti kékeré, báwo lẹ ṣe máa fòfin de Sáàmù? Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orin náà ti dé ipò kìíní ní ilẹ̀ wọn.

Kong kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà, ó kú ní 1971. Ní 1972, wọ́n fi orin náà sínú fíìmù The Harder They Come tí Jimmy Cliff ti ṣe olú eré, àwo orin fíìmù yẹn ló gbé e kúrò ní Jàmáíkà lọ sí etí àwọn òyìnbó.

Mọ̀míÈbùn_Mọ́pà
Ẹ ṣeun, olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n bi àwọn alàgbà Kábbà léèrè: Sáàmù 19 ẹsẹ 14 yẹn, ṣé kì í ṣe òun ni pásítọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwàásù? Ọjọ́ Ìsinmi wo ni a kì í gbọ́ ọ? Pásítọ̀ á gun àga ìwàásù, á di ojú, á ní kí ọ̀rọ̀ ẹnu òun àti ìṣàrò ọkàn òun jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú orin Boney M. Tí pásítọ̀ bá sọ ọ́, àdúrà ni. Tí akọrin bá kọ ọ́, ó di dísíkò?

ỌmọÒwé
Mọ̀mí, màá ka èyí fún wọn bó ṣe wà yìí.

Alàgbà_Ìsánlú
Èmi náà jẹ́ alàgbà, n ò sì fara mọ́ ọ̀rọ̀ Mọ̀mí tán. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ló ń sọ ibi tí orin wà. Orin tí mo fi ń wá ìyàwó ní 1979, tí mo fi ń yí ìdí, bí ẹ bá gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ọkàn mi ò ní lọ sí Bábílónì. Pátì ló máa lọ. Ẹ má dá wa lẹ́bi. Ara ní ìrántí tirẹ̀.

Èyí tí olùkọ́ sì sọ nípa King Alpha wá fi epo sí iná. Ṣé a máa yin ọba Etiópíà nínú ilé Ọlọ́run ni?

BàbáRẹ́kọ́ọ̀dù
Alàgbà, ẹ fara balẹ̀. Èyí tí ẹ jó sí ní 1979, kò sí King Alpha nínú rẹ̀. Farian ti yọ ọ́. Ó dá “orin Olúwa” padà bó ṣe wà nínú Bíbélì, ó sì yọ “Far-I”, ó fi “lálẹ́ òní” dípò rẹ̀, kó lè bá ìdún ọ̀rọ̀ náà mu. Ní ti King Alpha, Jámánì tó ń ṣe dísíkò ló dá Sáàmù yín padà sípò Sáàmù. Ẹ wá rí ọ̀rọ̀ ayé.

Olùkọ́Orin_Ẹ̀gbẹ̀
Ibi tí bàbá dé yìí gan-an ni àwọn olólùfẹ́ réggè fi ń bínú sí Farian. Wọ́n ní ó bọ́ ẹ̀mí kúrò lára orin, ó fi awọ sílẹ̀. Dowe fẹ́ kí orin náà polongo Rasta àti òmìnira àwọn adúláwọ̀, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi yan Sáàmù àwọn ẹrú. Farian yọ ohun tó jẹ́ kí ìjọba bẹ̀rù orin náà, ó wá tà á fún gbogbo ayé.

Àmọ́ ẹ gbọ́ méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó dájọ́. Ti Melodians, báàsì ló ń rìn níwájú, ó rọra ń rìn, gìtá ń já lu àárín ìlù, ohùn ọkùnrin mẹ́ta sì ń fara kan ara wọn bí ẹni tó ti rẹ̀. O lè gbọ́ ọ kí o má jó. Ti Boney M., ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó ń kùn láìsí ọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ akọrin odindi, kí ìlù tó wọlé, kó sì máa lù ní gbogbo ìgbésẹ̀ láì fò. Liz Mitchell wá gbé ohùn lé e, ohùn tó mọ́ gaara. Ní tèmi o, ìkùn ìbẹ̀rẹ̀ yẹn dára ju ohunkóhun tí Melodians ṣe lọ, àmọ́ gbogbo ohun tó kù, Melodians ló ni ín. Ẹ lè bá mi jà.

Àkọ́bí_Ìyàrá
Mi ò bá yín jà, sà. Mo kàn fẹ́ bèèrè. Ṣé àwọn òyìnbó ló wá kọ orin adúláwọ̀ ni? Mo rò pé dúdú ni Boney M.

BàbáRẹ́kọ́ọ̀dù
Dúdú ni gbogbo àwọn mẹ́rin tó ń jó níwájú. Liz Mitchell àti Marcia Barrett, Jàmáíkà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Maizie Williams, ọmọ Montserrat. Bobby Farrell tó ń fò bí ẹni tí èèrùn wọ̀ ní ṣòkòtò, ọmọ Aruba. Nítorí náà, nígbà tí orin yìí gba ayé kan, ọmọ Jàmáíkà náà ló ń kọ ọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ohùn ọkùnrin tí ẹ ń gbọ́ nínú àwọn àwo Boney M., kì í ṣe Bobby ló ń kọ ọ́. Farian fúnra rẹ̀ ni, ó wà ní ilé ìgbàsílẹ̀. Ti Bobby ni kí ó jó, kí ó sì la ẹnu.

TósìnLọ́kọ́ja
Bobby Farrell kú ní St Petersburg ní Rọ́ṣíà, ọjọ́ 30 December 2010. Ìlú kan náà, ọjọ́ kan náà tí Rasputin kú ní 1916. Boney M. sì ní orin “Rasputin” nínú àwo Nightflight to Venus tí Rivers of Babylon wà. Mo mọ̀ pé kò kan ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n n ò lè pa á mọ́ra.

Àkọ́bí_Ìyàrá
Ẹ̀gbọ́n Tósìn, ẹ fẹ́ kí n má lè sùn lálẹ́ yìí ni?

ỌmọBùnú
Òkun o. Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀ láì sọ̀rọ̀. Ohun kan ló ń ya mí lẹ́nu: à ń jà lórí dísíkò àti Rasta, a wá gbàgbé pé Sáàmù yìí kan àwa ará Òkun, àwa Yorùbá Kogi, ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

Ẹ rántí ohun tí àwọn bàbá ńlá wa rí lọ́wọ́ àwọn Nupe ní sẹ́ńtúúrì 19. Láti Bídà ni wọ́n ti ń wá, ìlú tí kò bá sì lè san owó òde, èèyàn ni wọ́n fi ń san án. Bùnú, Yàgbà, Ìjùmú, Òwé, kò sí èyí tó yọ. Àwọn kan sá gun orí òkè. Oṣù January 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gba Kábbà kọjá kí wọ́n tó lọ ṣẹ́gun Bídà. Àwọn tí wọ́n ti tà sọ́nà jíjìn kò sì padà mọ́. Nígbà tí Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, tẹ ìwé Polyglotta Africana jáde ní 1854, lára àwọn èdè tó kọ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní Freetown ni Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀ wà. Ẹ rò ó wò: ará Ìjùmú kan jókòó níwájú òyìnbó ní Sierra Leone, létí òkun, wọ́n ní kó sọ èdè ilé rẹ̀ káwọn gbọ́.

Ní ilẹ̀ àjèjì. Wọ́n ní kí wọ́n kọrin Síónì.

Àwọn Jàmáíkà tí wọ́n kọ orin yìí, ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó láti etíkun wa kọjá òkun ni wọ́n. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá lára wọn. Kí alàgbà kan wá jókòó ní Kábbà, kó ní orin náà ò yẹ wá?

Mọ̀míÈbùn_Mọ́pà
Ọmọ Bùnú, o pa mí lẹ́kún.

Alàgbà_Ìsánlú
Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, ọmọ Bùnú. N ò lè jiyàn sí i. Síbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ bá wá di ti ẹkún àwọn ẹrú, ṣé ìlù tó ń lu ìdí wa sókè ló yẹ ká fi kọ ọ́? Àwọn tó wà lẹ́bàá odò Bábélì fi háàpù kọ́ orí igi, wọ́n kọ̀ láti kọrin fáàjì fún ẹni tó kó wọn. Boney M. wá fi ṣe fáàjì. Ẹ sọ fún mi bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́Orin_Ẹ̀gbẹ̀
Alàgbà, ẹ ti gbá ìṣó náà lórí. Èsì tó sàn jù tí mo ní ni pé Sáàmù náà fúnra rẹ̀ jẹ́ orin nípa kíkọ̀ láti kọrin. Wọ́n kọrin láti sọ pé àwọn ò ní kọrin. Ẹ tún wo ẹsẹ 9 tó parí Sáàmù yẹn, níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n gbé ọmọ Bábélì lù mọ́ àpáta. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ ẹsẹ yẹn, ìbáà ṣe Melodians, ìbáà ṣe Boney M. Gbogbo wọn dúró ní ẹsẹ 4, wọ́n sáré lọ sí Sáàmù 19.

TósìnLọ́kọ́ja
Àwọn yòókù ńkọ́? Boney M. nìkan kọ́ ló kọ ọ́ lẹ́yìn Melodians.

Linda Ronstadt, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1976, ọdún méjì ṣáájú Boney M., nínú àwo Hasten Down the Wind. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ohùn lásán, kò sí ìlù. Alàgbà Ìsánlú, èyí ni kí ẹ gbọ́, ìdí yín ò ní mì.

Sublime, àwọn ọmọ Kalifóníà, fi gìtá kan kọ ọ́ lójú agbo, ó wà nínú àwo wọn ti 1992. Sinéad O’Connor náà kọ ọ́ ní 2007 nínú Theology, àwo tó kún fún ọ̀rọ̀ Bíbélì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ ọ́ níbẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú gìtá, ọ̀kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin.

Ní ti owó, kò sí èyí tó sún mọ́ Boney M. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi wà ní ipò kìíní ní Ìlú Ọba ní 1978. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀, àwọn rédíò yí àwo dà, wọ́n ń lu “Brown Girl in the Ring” tó wà lójú kejì, ó tún gbé àwo kan náà padà sókè dé ipò kejì. Àwo tó ju mílíọ̀nù 2 ni wọ́n tà níbẹ̀ nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ipò 30 ló dé.

BàbáRẹ́kọ́ọ̀dù
“Brown Girl” yẹn, orin eré ọmọdé ni ní àwọn erékùṣù wọn, ọmọ á pagbo, ọ̀kan á wà láàárín. Ẹni tó bá ṣeré òṣùpá rí ní Òkun mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó bá ra àwo mi, ojú kejì ló ń bèèrè fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Lọ́yà_Ayétòrò
Ẹ jẹ́ kí n fi òfin gbé e yẹ̀ wò, torí ìbéèrè ni “ta ló ni ín”.

Sáàmù kò ní olówó. Ẹnikẹ́ni lè fi kọrin. Ohun tí Dowe àti McNaughton ni ni ohùn orin náà, àti bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀. Nínú òfin kópíráìtì wa ti 2022, ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá orin wà títí ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ́ méjì, ẹni tó kú kẹ́yìn ni a ó kà. Dowe kú ní 2006, McNaughton kú ní 2018. Ẹ ka 70 sí i: títí dé ìparí 2088 ni orin náà ṣì ní olówó. Farian náà ti kú, ní January 2024.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ akọrin Kábbà, tí ẹ bá gba orin yìí sílẹ̀ tí ẹ gbé e sórí YouTube, kí ẹ má kọ “orin ìbílẹ̀” tàbí “kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ ọ́” sí i. Ẹ kọ orúkọ wọn.

Mọ̀míÈbùn_Mọ́pà
Lọ́yà, o ṣeun. Ibi tó ń dùn mí gan-an lo fọwọ́ kàn. Orin kan wà nílẹ̀ wa níbí tí àwọn ìyá máa ń kọ níbi ìkómọ. Ìyá àgbà kan ní abúlé wa ló dá a, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a mọ ọmọ tó dá a fún. Olórin ńlá kan gbé e lọ, ó fi orgáànù sí i, ó ní òun ló gbà á láti òkè wá. A gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wa ń wo ara wa lójú. Ìyá yẹn ti kú. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan, kò sí àwo tí a lè yí wò.

ỌmọBùnú
Mọ̀mí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ báyìí kí àwa tí a kù tó gbàgbé. Ẹ fi fóònù gba àwọn tó mọ orin náà sílẹ̀, kí ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Lọ́yà_Ayétòrò
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mọ̀mí, ẹ fi ìméèlì ránṣẹ́ sí mi nínú àpótí. A ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba.

Àkọ́bí_Ìyàrá
Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè òmùgọ̀: kí ló dé tí ẹ ò kàn kọ ọ́ ní Yorùbá? Ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ dísíkò, ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ King Alpha.

Olùkọ́Orin_Ẹ̀gbẹ̀
Kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà níbẹ̀. Tí ẹ bá kàn mú ẹsẹ Bíbélì wa tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ohùn Melodians, ohùn orin á gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, “odò” á di nǹkan mìíràn lẹ́nu yín, àwọn ọmọdé á sì máa rẹ́rìn-ín. Àwọn orin tí wọ́n túmọ̀ láti èdè òyìnbó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, etí wa ti mọ́ ọn lára. Ìdí nìyẹn tí orin Yorùbá tí J. J. Ransome-Kuti gbà sínú àwo ní London ní 1922 fi yàtọ̀: ohùn orin ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe máa ṣe é nìyí. Kí ẹ̀yin akọrin kùn bí ti ìbẹ̀rẹ̀ Boney M., láìsí ìlù. Kí ẹnì kan ké Sáàmù 137, ẹsẹ 1 sí 4, lórí ìkùn náà ní ohùn ẹnu ara rẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Èdè Òwé pàápàá dára. Kí ẹ wá wọ Sáàmù 19 pẹ̀lú ohùn Melodians ní èdè òyìnbó, ìlù á wọlé níbẹ̀, ìlù tó rọra. Alàgbà Ìsánlú lè jókòó sórí ìdí wọn títí ìgbà náà.

Alàgbà_Ìsánlú
😂 Olùkọ́, Ọlọ́run á dá ẹ lóhùn. Tí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, màá wá láti Ìsánlú. Ṣùgbọ́n n ò ṣèlérí nípa ìdí.

ỌmọÒwé
Ẹ ṣeun o, gbogbo ilé. Mo ti tẹ àwọn èsì yín jáde fún ọ̀gá akọrin, ó ti gbà láti dán ti olùkọ́ wò lọ́jọ́ Satidé. Orúkọ Dowe àti McNaughton máa wà nínú ìwé ètò ìsìn, lábẹ́ orin náà gan-an. Alàgbà tó kọ̀ ní kí àwọn gbọ́ ti Melodians ná kí òun tó fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni ní èyí tó dún dáadáa? Ti orí fóònù mi ń ya bí ọ̀já.

BàbáRẹ́kọ́ọ̀dù
Mo ní in lórí àwo fíìmù yẹn, mo ti gbà á sínú kọ̀ǹpútà. Mú fláàṣì wá sílé mi kí ọjọ́ Satidé tó dé. Má mú èyí tí ó kún fún fíìmù wá o, n kì í bá ẹnikẹ́ni pa nǹkan rẹ́. Tí ó bá sì jẹ́ pé alàgbà yẹn ló ń bọ̀ fúnra rẹ̀, kó jókòó gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ àwo. Ẹnu ọ̀nà ò tì.

Àkọ́bí_Ìyàrá
Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, mo lè bá wọn wá? Mo fẹ́ fojú ara mi rí àwọn orúkọ mẹ́rin yẹn lórí bébà.

BàbáRẹ́kọ́ọ̀dù
Máa bọ̀. Mú kásẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ dání.